Ọ̀bẹ Tí Mo Yan Bí Búrẹ́dì

Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mi, àwọn kan nítorí ọjọ́ orí, àwọn kan nítorí pé mo dìídì fẹ́ gbàgbé wọn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo sọ ara mi di alágbẹ̀dẹ ní Parakou, nínú aṣọ dúdú opó, kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé mi wọlẹ̀. Bí mo bá rántí rẹ̀ láàárín èèyàn, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Bí mo bá dá wà, ó di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìlú Ṣábẹ̀ ni wọ́n bí wa sí, èmi àti ọkọ mi. Rélùwéè ló gbé wa dé Parakou, bó ti gbé ọ̀pọ̀ ará ilé wa, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí òyìnbó Faransé fa ìjọba lé wa lọ́wọ́, nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dàhómè. Àdúgbò Titirou ni a gba ilé sí. Ọkọ mi ń tún kàmíọ̀, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, ṣe ní gàráàjì kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí ilẹ̀ Niger. Èmi ń yan búrẹ́dì nínú ààrò alámọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ mọ fún mi sí ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, Róòsì, tí kò tíì já lẹ́nu ọmú nígbà náà. Òun ni wọ́n fi ń pe èmi ní Ìyá Róòsì, tí wọ́n sì ń pe ọkọ mi ní Bàbá Róòsì.

Ọwọ́ ọkọ mi kì í dilẹ̀. Bó bá ti gàráàjì dé, tó jẹun tán, ẹ óò tún gbọ́ kó, kó, kó lẹ́yìn ilé. Nígbà tí ọ̀bẹ tí mo fi ń gé ìyẹ̀fun pípò jẹ tán mọ́ èèkù, ó gbé irin résọ̀ kan wálé, irin pẹlẹbẹ tó máa ń wà lábẹ́ kàmíọ̀, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fi ìdí gbálẹ̀. Ó ní òun ó fi rọ ọ̀bẹ fún mi. Ó rọ ọ́, ó nà án, ó fi ayùn ha á títí ó fi ní ìrísí ọ̀bẹ, ó sì gbé e wá hàn mí níbi tí mo ti ń ṣọ́ búrẹ́dì.

"Ó ti tán, àbí?" ni mo bi í.

"Kò tíì tán. Bó ṣe wà yìí, ó rọ̀, kò lè di ojú mú. Màá kọ́kọ́ mú un pọ́n nínú iná, màá tẹ̀ ẹ́ bọ epo, á wá le. Àmọ́ á le ju bó ti yẹ lọ. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ nígbà yẹn, á fọ́ bí àwo. Nítorí náà, á tún padà lọ jẹ iná díẹ̀, iná tí kò gbóná jù, títí á fi ní àwọ̀ èèpo búrẹ́dì. Ìgbà yẹn lara rẹ̀ tó balẹ̀."

Mo ní, "Hẹn-ẹn, ẹ ṣeun." Òórùn búrẹ́dì tó wà nínú ààrò ni mo ń gbọ́, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ mi dáadáa. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé inú ilé kan, tẹ́ ẹ sì tún jọ máa jẹun alẹ́, ta ló ń fi gbogbo etí gbọ́ ọ? A máa ń rò pé ọ̀la ṣì wà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó yí, ibà dá a dúbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn wálé mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Ìsáàkì, ló ṣáájú ẹbí wá láti Ṣábẹ̀ fún ìsìnkú. Àgbẹ̀ ni, ọkùnrin gíga tí kì í pariwo, tí kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí àṣà wa ti rí nígbà náà, opó kì í jogún ọkọ. Ẹbí ọkùnrin ló ń kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n kó òòlù, wọ́n kó ẹ̀mú, wọ́n kó kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀wù, títí dé fìlà tí mo máa ń gbé sí imú bí ilé bá dá. N kò bá wọn jà, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún ìyá mi. Ọ̀bẹ tí kò tíì parí yẹn nìkan ló ṣẹ́kù. Ó dúdú, kò ní èèkù, ó rí bí irin tí wọ́n fi ń ko iná, ẹ̀gbẹ́ ààrò ló sì fara tì. Bàbá Ìsáàkì tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè rí ọ̀nà kọjá. Ta ló ń pín irin dúdú lógún?

Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Ká ní mo gbọ́n ni, ǹ bá jẹ́ kí irin dúdú máa jẹ́ irin dúdú. Ṣùgbọ́n bí Mísà ìrántí ọkọ mi ti ń sún mọ́lé, tí mo ń ro búrẹ́dì tí n ó yan fún àwọn àlejò, èrò kan kó sí mi lórí. Mo ní iṣẹ́ ìkẹyìn tó jáde lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn ò gbọdọ̀ wà láàbọ̀. N ó parí rẹ̀, n ó fi gé ìyẹ̀fun búrẹ́dì ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó bá wá yóò jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láìmọ̀, n ó sì tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ àpò ìyẹ̀fun kí ẹbí má baà rí i. Nítorí bó bá ti di ọ̀bẹ, ó ti di ẹrù òkú nìyẹn, Ṣábẹ̀ ló sì ń lọ.

Ẹ lè bi mí pé ṣé kò sí alágbẹ̀dẹ ní Parakou ni. Wọ́n pọ̀ bí eṣú. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn án. Àwa méjèèjì nìkan ni mo fẹ́ kó parí iṣẹ́ náà. Àti pé kí ni n ó máa bẹ̀rù nínú iná? Láti ìgbà omidan ni mo ti ń dáná ààrò, ta ni yóò wá kọ́ mi ní iná? Ìgbéraga nìyẹn, ẹ bá mi fi kún ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, Róòsì sùn nínú ilé. Mo ti po ìyẹ̀fun sínú ọpọ́n, mo sì ti fi aṣọ bò ó kó máa wú. Mo kó ẹ̀yinná jọ sí ẹnu ààrò, mo tẹ́ irin náà sáàárín rẹ̀, mo mú abẹ̀bẹ̀, mo sì ń fẹ́ ẹ. Irin náà pọ́n díẹ̀díẹ̀, títí n kò fi mọ ìyàtọ̀ láàárín òun àti ẹ̀yinná. Inú mi dùn dé ibi pé mo kọrin. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí epo. Epo ẹ́ńjìnnì tí ọkọ mi máa ń lò ti bá àwọn òòlù lọ. Epo kan ṣoṣo tó wà nílé ni epo pupa tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì dá jọ fún ọbẹ̀ ọjọ́ ìrántí. Mo ní epo kan ò ju epo kan lọ. Mo dà á sínú agbada, mo gbé agbada náà ti ẹnu ààrò gan-an kí n má baà rìn jìnnà pẹ̀lú irin gbígbóná, ẹ wo ọlọ́gbọ́n. Ẹ̀mú ti lọ sí Ṣábẹ̀, nítorí náà igi méjì ni mo fi gbá irin náà mú, tí mo fi tẹ̀ ẹ́ bọ epo.

Epo náà kọ́kọ́ ṣe ṣííì. Lẹ́yìn náà ó ṣe búù. Iná dìde nínú agbada, ó ga tó mi, ó sì bá mi lójú. Irun ìpéǹpéjú mi lọ lójú ẹsẹ̀. Etí gèlè dúdú mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo já gèlè dànù, mo fò sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi gbá agbada, gbogbo epo sì dà sínú ẹ̀yinná. Èéfín tó jáde lọ́jọ́ náà, àwọn ará àdúgbò Ladjifarani lọ́hùn-ún ní àwọn rí i láti ọ̀dọ̀ wọn. Ó lè jẹ́ irọ́, ṣùgbọ́n n kò lẹ́nu tí mo fi lè bá wọn jiyàn.

Aládùúgbò mi ni Àdízà, obìnrin ẹ̀yà Dendi kan tó ń ta wàrà, tó gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí ní Ṣábẹ̀. Ó gba orí ọgbà fò wọlé.

"Ìyá Róòsì! Ilé ń jó! Ilé ń jó!"

"Kì í ṣe ilé! Ọ̀bẹ ni!"

"Ọ̀bẹ ń jó?" Ó dúró wò mí, bí ẹni ń wo ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyanrìn. Ó dà á sórí epo, ó dà á sórí ẹ̀yinná, ó dà á sórí èmi náà, bó sì ti ń yí padà láti bu sí i, ó da ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú ọpọ́n ìyẹ̀fun mi, tí aṣọ tí mo fi bò ó ti ṣí. Iná kú. Búrẹ́dì ọjọ́ náà bá a kú.

Àdízà jókòó sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. "Ìyá Róòsì, ọkọ ẹ kú, mo bá ẹ sunkún. Àmọ́ opó tó ń rọ irin, n ò rí i rí. Ṣé o fẹ́ lọ bá a ni?"

Inú bí mi sí i. Lónìí mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà ló ń ṣe, ìbéèrè gidi ló bi mí.

Nígbà tí mo hú irin náà jáde nínú iyanrìn, mo mú ìṣó ha á. Ìṣó náà yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀. Ó ti le! Mo gbé e lé ọwọ́ méjèèjì bí ọmọ tuntun. Mo wá ṣe ohun tí aláyan búrẹ́dì máa ń ṣe láìronú. Bí búrẹ́dì bá ti jáde nínú ààrò, a máa ń kan ìdí rẹ̀ kí a fi gbọ́ bóyá inú rẹ̀ jinná. Mo kan irin náà mọ́ ẹnu ààrò. Ó dún kín-ín, ṣóńṣó orí rẹ̀ já, ó sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi. "Á fọ́ bí àwo." Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ etí mi. Mo ṣa ṣóńṣó náà, mo so ó mọ́ etí ìró, mo jókòó ti ààrò, mo sì sunkún bí n kò ti sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, èèyàn ti pọ̀ jù tó ń wò mí.

Ó wá ku kí irin náà jẹ iná díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo dáná ààrò, mo gbá ẹ̀yinná sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi pátákó tí mo fi ń ti búrẹ́dì ti irin náà wọlé, mo sì to búrẹ́dì yí i ká. Mo jókòó, mo ń retí àwọ̀ èèpo búrẹ́dì. Ohun tí n kò mọ̀, tí ọkọ mi ò sọ nítorí pé n kò bi í, ni pé irin tí epo àti èéfín ti kùn dúdú kò lè fi àwọ̀ kankan hàn. Ó yẹ kí n ti fi iyanrìn bó o títí yóò fi máa dán, kí n tó lè rí àwọ̀ tó ń gun ara rẹ̀. Èmi ń wo irin dúdú kó pọ́n, bí ẹni ń wo ìdí ìkòkò kó funfun.

Búrẹ́dì pọ́n. Irin dúdú. Mo ní kó dúró díẹ̀ sí i. Búrẹ́dì di àwọ̀ kọfí, irin ṣì dúdú. N kò jẹ́ kó búrẹ́dì jáde, torí kí ni n ó fi díwọ̀n àwọ̀ rẹ̀? Mo ti ẹ̀yinná sún mọ́ ọn kó lè tètè. Nígbà tó yá, búrẹ́dì àti irin di àwọ̀ kan náà, mo sì kó gbogbo wọn jáde.

Búrẹ́dì díẹ̀ tó wà lápá ẹnu ààrò ṣì ṣeé wò lójú, mo sì tà wọ́n. Mẹ́ẹ̀tìrì, olùkọ́ ilé ìwé kan tó jẹ́ oníbàárà mi, gbé tirẹ̀ padà wá. Ó rọra bá mi sọ̀rọ̀, nítorí aṣọ ọ̀fọ̀ tí mo wọ̀.

"Ìyá Róòsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Búrẹ́dì yìí ń ṣe mí bí ẹni ń jẹ kàmíọ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Òórùn kan náà ló wà lára èyí tí mo fi pààrọ̀. Ó dúpẹ́, ó sì mú un lọ. Ọ̀fọ̀ náà ní àǹfààní tirẹ̀.

Ìgbà tí mo wá fi iyanrìn àti omi bó irin náà, ara rẹ̀ yọ búlúù bí ara akọ alángbá, ó sì ń lọ sí àwọ̀ eérú létí. Mo ṣe bí ẹni rí ọrọ̀. Mo ní, "Bàbá Róòsì, ẹ wò ó, mo ti kọjá ibi tẹ́ ẹ ní kí n dé." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo sọ. Mo ti kọjá ibẹ̀ jìnnà. Irin tó bá jẹ iná dé àwọ̀ eérú ti sọ gbogbo líle rẹ̀ nù, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún mi? Mo fi igi ṣe èèkù sí i. Ó gé ìyẹ̀fun pípò geere, n kò sì dán an wò lára ohun mìíràn, nítorí èwo ni tèmi pẹ̀lú egungun? Bí mo ti ń gé ìyẹ̀fun búrẹ́dì ìrántí, mo ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó jókòó lẹ́yìn mi. Ìyẹn nìkan ni ìdùnnú tí mo ní nínú gbogbo oṣù náà. Lẹ́yìn náà mo ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ àpò ìyẹ̀fun.

Lọ́jọ́ Mísà, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn àlejò jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, oúnjẹ délẹ̀. Bàbá Ìsáàkì bu ọbẹ̀, ó wò ó.

"Ìyàwó, ọbẹ̀ yìí mà funfun o. Ṣé epo ti tán ní Parakou ni?"

Kí n tó la ẹnu, Àdízà tó ń bá wa pín oúnjẹ bú sẹ́rìn-ín. "Epo wà, Bàbá! Ọ̀bẹ ọkọ rẹ̀ ló mu gbogbo rẹ̀!" Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn, iná, gèlè, iyanrìn, kò fo ọ̀kan. Mo ṣẹ́jú sí i títí ojú fi ń ro mí. Ó kàn rò pé èéfín ọjọ́sí ṣì ń ta mí lójú ni.

Bàbá Ìsáàkì gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀bẹ àbúrò mi? Èwo nínú ọ̀bẹ rẹ̀ ló ṣẹ́kù síbí? Gbé e wá kí n rí i."

Mo wọlé lọ. Mo dúró ti àpò ìyẹ̀fun yẹn, mo rò ó pé kí n ní mo ti sọ ọ́ nù, ṣùgbọ́n ta ló ń parọ́ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ lọ́jọ́ Mísà? Mo gbé e jáde, ìyẹ̀fun kùn ún funfun. Ó gbà á, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó fi àtàńpàkò tọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti èèkù dé ibi tí ṣóńṣó rẹ̀ ti já. Mo rí i tí ojú rẹ̀ rọ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti mọ ọwọ́ tó rọ ọ́. Mo ní ó parí. Ó ti lọ. Ó wá mú itan ewúrẹ́ nínú àwo, ó gbé ọ̀bẹ lé egungun, ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀bẹ náà tẹ̀ kọdọrọ. Ó gbé e lé orúnkún, ó fi ọwọ́ kan nà án tọ́. Ó tún dán an wò, ó tún tẹ̀.

Ó wò ó pẹ́, ó mi orí.

"Rárá o. Àbúrò mi kọ́ ló ṣe èyí. Ọkọ́ tí mo fi ń roko dòní, òun ló rọ ọ́, ó ń bá òkúta jà, kò tẹ̀ rí. Ẹni tó ṣe èyí ò mọ irin rárá. Mo ti gbọ́ ti iná, àmọ́ ta ló ṣe é?"

Ẹ wo ibi tí mo wà. Bí mo bá ní ọkọ mi ló ṣe é, ọ̀bẹ ń lọ sí Ṣábẹ̀, nígbàkigbà tó bá sì tẹ̀, wọn yóò máa sọ pé ẹ wo ohun tó ṣe kẹ́yìn. Bí mo bá ní èmi ni, ọ̀bẹ di tèmi, ṣùgbọ́n n ó ti fi ẹnu ara mi gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí nílé láti bá mi jiyàn. Gbogbo ojú wà lára mi.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n," ni mo wí. "Èmi ni mo ṣe é."

Ẹ̀rín bú. Àwọn tó ti ń fajú ro láti àárọ̀ rẹ́rìn-ín dé ibi tí wọ́n ń gbá ara wọn léjìká. Bàbá Ìsáàkì náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó na ọ̀bẹ náà sí mi. "Gba irin ẹ, ìyàwó. Búrẹ́dì ni kó o máa yan o, jọ̀ọ́." Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú mi, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, torí opó lè sunkún nígbà tó bá wù ú.

Bí ẹ bá ní kí n sọ ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, kì í ṣe ti epo, kì í sì í ṣe ti ààrò. Bí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn bá ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún yín, ẹ fi búrẹ́dì sílẹ̀ kó jóná. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan, ẹ tún bi í ní òmíràn. Búrẹ́dì tó jóná, a óò yan mìíràn lọ́la.

Róòsì ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń gbé. Láìpẹ́ yìí ló fẹ́ fi ọ̀bẹ náà gé iṣu, tó tẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbé e sókè, ó ní, "Màmá, ẹ dákun, ta ló ṣe ọ̀bẹ yìí gan-an?"

Mo ní, "Ìrísí rẹ̀, bàbá ẹ ni. Bó ṣe rọ̀ yìí, èmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo bá a rín in. Mo gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e lé orúnkún, mo nà án tọ́.